Iṣẹ́ Abẹ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Ṣe

Nígbà tí mo dé Ògbómọ̀ṣọ́, èdè tí wọ́n ń sọ ló kọ́kọ́ rú mi lójú. Bó bá jẹ́ Haúsá ni, ǹ bá ti mọ̀ pé ìlú onílùú ni mo wà, ǹ bá sì ti múra bí àlejò. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni. Ọmọ Ṣábẹ̀ ni mí, láti orílẹ̀-èdè Benin, lábẹ́ àwọn òkè aláàpáta tó yọ sókè láàárín ìlú wa. Yorùbá ni màmá mi fi rẹ̀ mí lẹ́kún, Faransé ni wọ́n fi kọ́ mi ní ilé ìwé. Mo ti rò pé ibi tí mo ń lọ yìí, ìyàtọ̀ kan ò ní sí.

Ní ọjọ́ kejì, mo lọ ra síìmù fóònù. Obìnrin tó ń tà á ní kí n sọ sọ́nèèmù mi, kí n wo kámẹ́rà, kí n wá sáìnì, pé rẹ́jísírésọ̀n náà ò ní pẹ́. Mo dúró, mò ń wò ó. Nígbà tí mo wá dáhùn, òun náà dúró, ó ń wò mí. Ó ní ṣé mo lè tún un sọ. Ọjọ́ náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé Faransé wà nínú Yorùbá tèmi, bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe wà nínú tiwọn. Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń sọ láti kékeré, tí mo rò pé ti ìyá ìyá wa ni, ti òyìnbó ni.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní ọmọ Kútọnu. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo dé Kútọnu rí láyé mi. Mo ṣàlàyé títí, ó sú mi. Mo ra ìwé kékeré kan, mo ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí n kò bá gbọ́ sínú rẹ̀: fáìlì, líìfù, ọ́fà, sẹ́ńjì. Nígbà tó bá di ọjọ́ Sátidé tí màmá mi bá pè, mo máa ń kà wọ́n fún wọn. Télọ̀ ni màmá mi; mo máa ń gbọ́ ìró maṣíìnì wọn lábẹ́ ọ̀rọ̀ wa. Wọn á rẹ́rìn-ín, wọn á ní ṣé ó dá mi lójú pé ilẹ̀ Yorùbá ni mo wà.

Ẹ̀kọ́ ni mo tìtorí rẹ̀ kúrò nílé. Mo fẹ́ kọ́ṣẹ́ àwọn tó ń tọ́jú ìwé àti àkọsílẹ̀ aláìsàn. Ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí mi jẹ́ ti Faransé, wọ́n ní kí n lọ túmọ̀ rẹ̀, kí n tún ṣe ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n tó gbà mí. Nígbà tí mo ń dúró de ìyẹn, ibà mú mi, mo sì lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan nígboro. Bí mo ṣe jókòó tí mò ń gbọ̀n, òkìtì fáìlì kan wó lulẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yàrá káàdì. Mo dìde, mo ṣà wọ́n, mo sì tò wọ́n ní nọ́ńbà-ní-nọ́ńbà. Ìyá tó ń bójú tó yàrá náà ń wò mí láti òdì kejì. Nígbà tí mo tún padà wá gba oògùn tó kù, wọ́n bi mí bóyá mo fẹ́ ṣiṣẹ́.

Màmá Dèbórà ni wọ́n ń pè wọ́n. Wọ́n tó ẹni ọgọ́ta ọdún, ìjọ Aládùúrà ni wọ́n ń lọ. Tó bá di Sunday, wọn á wọ sùtáànà funfun, wọn á fẹsẹ̀ lásán kọjá lójú títì bí ẹni pé ọ̀dà gbígbóná ò kàn wọ́n. Àwọn ni wọ́n bá mi wá yàrá ní àdúgbò Under G, nínú ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kún. Àwọn ni wọ́n kọ́ mi pé tí mo bá bá àgbàlagbà lórí ìjókòó, kí n má kàn ní “ẹ káàárọ̀”, kí n ní “ẹ kú ìjókòó”, tí mo bá bá wọn níbi tí wọ́n ti ń dúró de dókítà, kí n ní “ẹ kú ìdúró.” Ìkíni tiwa náà pọ̀ nílé, àmọ́ kò tó báyìí. Ó yà mí lẹ́nu pé ìlú kan lè ní ìkíni fún gbogbo ipò tí ara èèyàn bá wà.

Ohun tó tún yà mí lẹ́nu ni adójútòfò ìlera. Mi ò bá irú rẹ̀ pàdé rí. Ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ máa gba káàdì kan, á yan ilé ìwòsàn kan, bí àìsàn bá sì dé, ọ́fíìsì ètò náà ló máa sanwó fún ilé ìwòsàn, kì í ṣe aláìsàn. Mo ro ọ̀rọ̀ náà lọ, mo rò ó bọ̀. Àwọn tí ara wọn yá ń dájọ fún ẹni tí ara rẹ̀ ò yá, láìmọ ẹni tó máa kàn lọ́la. Ó jọ àjọ, àmọ́ àjọ tí èèyàn ń bẹ Ọlọ́run kó má ṣe kan òun láti kó. Mo sọ ọ́ fún màmá mi, wọ́n dá maṣíìnì dúró. Wọ́n ní, “Àwọn èèyàn tí wọn ò mọra wọn?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní ìlú tí wọ́n bá ti ń ṣe irú ìyẹn, kí n fara balẹ̀ kọ́ nǹkan níbẹ̀.

Iṣẹ́ mi rọrùn. Mò ń wá fáìlì, mò ń dá a padà. Tó bá wá di ìparí oṣù, Màmá Dèbórà á mú ìwé pẹlẹbẹ kan wá láti ọ́fíìsì máníjà. Orúkọ ló wà níbẹ̀, nọ́ńbà káàdì, abúlé, àìsàn àti ìtọ́jú tí wọ́n ṣe. Wọ́n ní àwọn tí dókítà lọ tọ́jú ní abúlé ni, pé kí n dà wọ́n kọ sínú rẹ́jísítà ńlá. Mò ń dà wọ́n kọ. Ọwọ́ mi dára, wọ́n sì máa ń yìn mí. Nígbà kan, mo rí i pé iṣẹ́ abẹ wà nínú àwọn ìtọ́jú náà, mo wá bi Màmá Dèbórà bóyá wọ́n máa ń la èèyàn ní abúlé, níbi tí kò sí iná tó dúró. Wọ́n wo ojú mi díẹ̀. Wọ́n ní kí n máa kọ ohun tí wọ́n bá fún mi. Ohùn wọn ò le, àmọ́ wọn ò jókòó tì mí mọ́ ní ọjọ́ yẹn.

Mo kọ ọ́. Mi ò bèèrè mọ́. Tí mo bá ń rántí ọdún náà, ibi tó ń dùn mí jù nìyẹn, nítorí èmi tí mò ń bèèrè ìtumọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ lẹ́nu oníkẹ̀kẹ́ àti ẹlẹ́pà, mi ò bèèrè ìtumọ̀ ohun tí ọwọ́ mi ń kọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Túsìdeè kan, ọkùnrin àgbẹ̀ kan gbé ìyàwó rẹ̀ wá láti apá Ìrẹsà, ọ̀nà oko lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́. Làmídì ni orúkọ ọkùnrin náà, ìyàwó rẹ̀ ń jẹ́ Àṣàbí. Orí ọ̀kadà ni wọ́n gbà wá, obìnrin náà láàárín, ó tẹ̀ kọdọrọ bí ẹni tó di nǹkan mọ́ra. Inú ń dùn ún ní apá ọ̀tún, ó ti ń bì láti àná. Dókítà tẹ ibẹ̀, ó ní àpẹ́ńdíìsì ni, wọ́n gbọ́dọ̀ tètè là á. Wọ́n mú káàdì rẹ̀ wá bá wa kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọ ilé iṣẹ́ tó wà nídìí kọ̀ǹpútà tẹ nọ́ńbà rẹ̀, ó dúró, ó tún un tẹ̀. Ó ní káàdì náà ò lè sanwó fún iṣẹ́ abẹ yìí, nítorí wọ́n ti ṣe é fún un ní oṣù márùn-ún sẹ́yìn. Wọ́n ti yọ àpẹ́ńdíìsì rẹ̀.

Làmídì rò pé òun ò gbọ́ dáadáa. Wọ́n ní kí n gbé rẹ́jísítà wá. Mo ṣí i, mo wá oṣù náà, mo sì rí i: Àṣàbí, ìyàwó Làmídì, ẹni ọdún méjìdínlógójì, iṣẹ́ abẹ àpẹ́ńdíìsì, ara rẹ̀ yá, ó lọ sílé. Ọwọ́ mi ni. Mo mọ bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà A.

Àṣàbí ò pariwo. Ó di tábìlì mú, ó gbé bùbá rẹ̀ sókè díẹ̀ níwájú gbogbo wa, ikùn rẹ̀ mọ́ kedere láìsí àpá kankan. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá a. Ibo ni wọ́n ti là mí?”

Máníjà, Ọ̀gbẹ́ni Kọ́lá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò tíì pé ogójì ọdún, jáde wá, ó ní kọ̀ǹpútà ló ṣàṣìṣe, pé kí wọ́n san owó lọ́wọ́, wọn á dá a padà tí àtúnṣe bá dé. Làmídì ò ní irú owó bẹ́ẹ̀ lára. Ó gbé ìyàwó rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ọ̀kadà náà fi wọ inú eruku.

Ní ọjọ́ kẹta, mo gbọ́ pé wọ́n ti là á níbẹ̀, pé ó kù díẹ̀ kí nǹkan náà bẹ́ sí i nínú, pé ó wà láàyè. Nígbà tó di Sátidé, mo gba ọ̀kadà lọ sí Ìrẹsà. Mi ò lè sọ pé ìgboyà ló gbé mi lọ. Mo fẹ́ mọ̀ ni. Kí n tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Fúráìdè, mo ti há orúkọ mẹ́jọ sórí nínú ojú ìwé tí orúkọ Àṣàbí wà, gbogbo wọn láti abúlé méjì tó fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́.

Àwọn ènìyàn ibẹ̀ gbà mí dáadáa. Wọ́n fún mi ní omi, wọ́n fún mi ní máńgòrò, wọ́n bi mí bóyá Ègùn ni mí. Mo ní Ṣábẹ̀ ni. Bàbá àgbà kan ní òun mọ Ṣábẹ̀, pé òun ti ra ẹran níbẹ̀ nígbà tí òun wà lọ́dọ̀ọ́. Mo wá ń bèèrè àwọn èèyàn mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Obìnrin tí a kọ pé ó bímọ nípa iṣẹ́ abẹ ní ọmọ òun àbíkẹ́yìn ti pé ọdún mẹ́sàn-án, ilé agbẹ̀bí ni òun sì ti bí i. Ọkùnrin tí a kọ pé a yọ ìpákè rẹ̀ ní òun ò ní ìpákè rí. Bàbá kan tí a tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ nígbà mẹ́rin ti kú ṣáájú ìgbà àkọ́kọ́. Ọmọ rẹ̀ ló fi sàréè rẹ̀ hàn mí lẹ́yìn ilé. Ohun tí gbogbo wọn rántí ni pé àwọn kan wá láti ilé ìwòsàn ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ wọn, wọ́n ya fọ́tò káàdì wọn, wọ́n fún wọn ní ọṣẹ, wọ́n sì lọ.

Mo yà lọ kí Làmídì. Ìyàwó rẹ̀ ṣì wà ní ọsibítù. Kò bínú sí mi, nítorí kò mọ̀ pé èmi ni mo kọ ọ́, èmi náà ò sì lè sọ fún un lọ́jọ́ náà. Ó ní òun ti pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì, òun ti sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn ní Ọ̀yọ́.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni Alhájà Ráfátù dé. Obìnrin tín-ínrín kan ni wọ́n, híjáàbù wọn bo àyà, gíláàsì wọn rọ̀ sẹ́nu imú. Ọ́fíìsì ètò adójútòfò ní Ọ̀yọ́ ló rán wọn, iṣẹ́ wọn ni láti yẹ ilé ìwòsàn wò bóyá ohun tí wọ́n kọ ni wọ́n ṣe. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n jókòó sí yàrá káàdì wa, wọ́n ń ṣí rẹ́jísítà ní ojú ìwé kan sí èkejì. Wọ́n bèèrè orúkọ nọ́ọ̀sì tó wà nínú yàrá iṣẹ́ abẹ ní àwọn ọjọ́ náà, wọ́n bèèrè iye òwú tí wọ́n fi ń rán ojú abẹ àti abẹ́rẹ́ tí wọ́n rà. Ó dùn mọ́ mi láti máa wò wọ́n. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé èèyàn lè fi òwú mọ irọ́.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ìka lé orí ìlà kan. Wọ́n ní, “Ta ló ń kọ méje báyìí?”

Ní ilé ìwé tiwa, a máa ń fa igi kékeré kan kọjá láàárín méje. Kò sí ẹlòmíràn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ilé ìwòsàn náà. Mo wo Màmá Dèbórà, wọ́n ń wo ilẹ̀. Mo ní èmi ni. Alhájà bi mí bóyá mo rí àwọn aláìsàn wọ̀nyí. Mo ní rárá, wọ́n máa ń fún mi ní orúkọ ni, mo sì ń dà á kọ. Kí wọ́n tó bi mí pé ta ló ń fún mi, Ọ̀gbẹ́ni Kọ́lá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Ó ní àjèjì ni mí, pé èdè ò yé mi dáadáa, pé ó ṣeé ṣe kí n ti da nǹkan pọ̀. Alhájà kọ nǹkan sínú ìwé wọn, wọ́n ní kí gbogbo àwa tí ọ̀rọ̀ kàn wá sí Ọ̀yọ́ ní Thursday tó ń bọ̀.

Ní ọjọ́ kejì, Ọ̀gbẹ́ni Kọ́lá pè mí. Ó ní mo ti ṣiṣẹ́ gan-an láti ìgbà tí mo ti dé, mi ò lọ sílé rí. Ó fún mi ní owó ọkọ̀, ó ní kí n lọ kí màmá mi, kí n sinmi fún oṣù kan tàbí méjì. Ó wá gbé lẹ́tà kan lé mi lọ́wọ́, ó ní lẹ́tà ìsinmi ni, pé kí n fọwọ́ sí i kí n tó lọ. Mo ní màá ka á nílé. Ojú rẹ̀ yí díẹ̀, ó ní kò burú, kí n ṣá mú un wá.

Màmá mi dunnú nígbà tí mo pè wọ́n. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí ka ohun tí wọ́n máa sè. Màmá Dèbórà náà ní kí n lọ. Wọ́n mú mi lọ́wọ́ ní ẹ̀yìn ṣẹ́lífù, wọ́n ní, “Máa lọ ilé, ọmọ mi. Ẹni tí kò sí nítòsí, ẹnu ò ní pẹ́ kúrò lọ́rọ̀ rẹ̀.” Mo rí i pé wọ́n fẹ́ràn mi, mo sì tún rí i pé ẹ̀rù ń bà wọ́n. N kò mọ èwo ló ń sọ̀rọ̀ nínú méjèèjì.

Gẹ̀ẹ́sì lẹ́tà náà le fún mi. Mo gbé e lọ bá Bísọ́lá, akẹ́kọ̀ọ́ tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi ní Under G. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún jókòó kà á. Ó ní kì í ṣe lẹ́tà ìsinmi. Ó ní lẹ́tà náà sọ pé mo fi iṣẹ́ sílẹ̀, pé èmi nìkan ni mo kọ àwọn orúkọ tí kò yẹ sínú rẹ́jísítà, àìmọ̀kan ló sì fà á, mo sì tọrọ ìdáríjì.

Mo jókòó síbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé. Èrò tó wá sí mi lọ́kàn kì í ṣe ti ẹ̀rù nìkan. Mo ń rò ó pé, kí ló dé tó fi jẹ́ pé láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, tí mo ti ń wá ọ̀nà tí wọ́n á fi kà mí mọ́ wọn, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa fi orúkọ mi sínú ìwé, orúkọ ẹlẹ́ṣẹ̀ ni? Bí mo bá sì lọ, àjèjì tó sá lọ á rọrùn láti dá lẹ́bi. Kò sẹ́ni tó máa bèèrè mọ́ pé ta ló ń fún mi ní orúkọ.

Ní Thursday, mo wọ ọkọ̀ Ọ̀yọ́ pẹ̀lú báàgì mi. Ọ̀nà kan náà ni. Ẹni tó ń lọ sí Ṣábẹ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ lè gba Ọ̀yọ́ kọjá, kó wọkọ̀ Ìsẹ́yìn, kó gba Ṣakí dé ẹnubodè. Nítorí náà, títí mo fi sọ̀kalẹ̀ ní gáréèjì Ọ̀yọ́, èmi fúnra mi ò lè búra ibi tí mò ń lọ. Ọkùnrin kan ń pe èrò Ìsẹ́yìn àti Ṣakí, ó kù ẹnì kan kí ọkọ̀ rẹ̀ kún. Ó na ọwọ́ sí báàgì mi. Mo ní kó dúró ná.

Mo pe màmá mi, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn nídìí ògiri àwọn tó ń ta awọ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo sọ fún ẹnikẹ́ni pé ọwọ́ mi ló kọ iṣẹ́ abẹ obìnrin tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Mo ti rò pé wọ́n á ní kí n sáré máa bọ̀. Mo gbọ́ tí wọ́n dá maṣíìnì dúró. Wọ́n ní, “Bí o bá wálé, ṣé ọ̀rọ̀ náà máa dúró níbẹ̀ ni, àbí ó máa bá ọ wá?”

Mo ní ó máa bá mi wá.

Wọ́n ní, “Lọ sọ ọ́, kó tó gba ẹnubodè.”

Awakọ̀ Ìsẹ́yìn mú ẹlòmíràn. Mo gba ọ̀kadà lọ sí ọ́fíìsì Alhájà Ráfátù.

Ọ̀gbẹ́ni Kọ́lá ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú lọ́yà. Bó ṣe rí mi, ó dìde, ó sì tún jókòó. Lẹ́yìn-ò-rẹyìn ni mo gbọ́ pé ó ti sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé mo ti sá padà sí Kútọnu. Alhájà mú mi wọ yàrá mìíràn. Wọ́n kọ́kọ́ kìlọ̀ fún mi pé ohun tí mo bá sọ lè kan èmi náà, pé mo ní ẹ̀tọ́ láti dákẹ́ kí n wá ẹni tó máa dúró tì mí. Wọ́n bi mí bóyá mo mọ̀ pé ọwọ́ mi wà nínú rẹ̀. Mo ní mo mọ̀. Mo sọ ti ìwé ìparí oṣù, mo ka orúkọ mẹ́jọ náà àti ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ fún mi, mo sì gbé lẹ́tà tí n kò fọwọ́ sí kalẹ̀. Nígbà tí wọ́n bèèrè ẹni tó ń gbé ìwé náà wá fún mi láti ọ́fíìsì máníjà, ibẹ̀ ló ti le jù. Mo ní Màmá Dèbórà ni.

Alhájà kọ ọ̀rọ̀ mi ní Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n wá tún un kọ ní Yorùbá, wọ́n kà á fún mi pátá. Níbì kan, wọ́n bá ọ̀rọ̀ kan tí mo sọ ní ohùn Ṣábẹ̀, wọn ò yí i padà. Wọ́n ní bí mo ṣe sọ ọ́ ni kó wà. Mo fọwọ́ sí i.

Ìdájọ́ kì í yára níbí, kì í yára lọ́dọ̀ tiwa náà. Wọ́n yọ ilé ìwòsàn náà kúrò nínú ètò adójútòfò. Ọ̀gbẹ́ni Kọ́lá ń lọ sí kóòtù, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti dúró níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, lọ́yà rẹ̀ sì bi mí léèrè bóyá mo mọ ìyàtọ̀ láàárín ìpákè àti àpẹ́ńdíìsì ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo mọ̀ ọ́n. Ó wà nínú ìwé kékeré mi. Adájọ́ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọ́n pa orúkọ Àṣàbí rẹ́ níbi tí kò yẹ kó wà, káàdì rẹ̀ sì tún ń ṣiṣẹ́. Mo lọ sọ fún òun àti ọkọ rẹ̀ pé èmi ni mo kọ ọ́. Làmídì jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó pẹ́ níbẹ̀. Àṣàbí ní òun ti gbọ́, pé ohun tí òun ń wò ni bóyá mo máa wá sọ ọ́ fúnra mi.

Wọ́n lé èmi náà kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Fún oṣù mélòó kan, mo ń bá obìnrin kan fọ aṣọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Under G. Lẹ́yìn náà, ọ́fíìsì Ọ̀yọ́ wá àwọn tó máa wọ abúlé láti bèèrè lọ́wọ́ àwọn oníkáàdì bóyá ìtọ́jú tí wọ́n kọ sí wọn lórí dé ara wọn. Wọ́n mú mi fún oṣù mẹ́ta, wọ́n tún fi mẹ́ta kún un. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà ju ohun tí mo lè sọ lọ. Èèyàn ń kanlẹ̀kùn, ó ń jókòó, ó ń bèèrè ara àjèjì. Ibi tí mo bá dé, wọ́n á ní ohùn mi ò jọ ti ìhín, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti àìsàn wọn láìfi nǹkan kan pamọ́. Nígbà mìíràn, mo máa ń rò ó pé bí mo bá jẹ́ ọmọ ilé tó kàn wọ́n, wọn ò ní sọ tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n Màmá Dèbórà ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó lé wọn. Mo lọ sí ilé wọn lẹ́ẹ̀mẹta, ọmọ wọn obìnrin sì máa ń sọ pé wọ́n ń sùn. Tí a bá pàdé lọ́nà ìjọ, mo máa ń kúnlẹ̀, wọ́n máa ń mi orí, wọ́n á sì kọjá. Mi ò sọ èyí fún màmá mi. Gbogbo Sátidé ni wọ́n ń bèèrè ìyá tó bá mi wá yàrá, èmi náà á sì ní wọ́n wà dáadáa.

Ní ọdún tó kọjá, màmá mi gbéra wá wò mí. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ní kí n ṣe ni pé kí n mú àwọn lọ sọ́dọ̀ Màmá Dèbórà. Wọ́n ti rán bùbá àti ìró funfun fún wọn. Mo gbìyànjú láti dá a dúró. Mo ní ìrìn àjò ti rẹ̀ wọ́n, mo ní ọ̀nà jìn. Wọ́n ní àwọn ò lè jẹun nílùú tí àwọn ò tíì dúpẹ́.

Lọ́tẹ̀ yìí, ọmọ wọn ò lè sọ pé wọ́n ń sùn, nítorí orí àga níwájú ilé la bá wọn. Màmá mi kúnlẹ̀ pẹ̀lú aṣọ náà lórí ọwọ́ méjèèjì. Wọ́n kí wọn ní ohùn Ṣábẹ̀, wọ́n dúpẹ́ oúnjẹ, wọ́n dúpẹ́ yàrá, wọ́n dúpẹ́ pé ọmọ àwọn ò sùn síta. Màmá Dèbórà ò wò mí. Wọ́n ní kí ọmọ wọn fi ibi tí omi wà hàn mí, kí n lọ bù ú wá fún màmá mi. Mo wọlé lọ bù ú.

Nígbà tí mo padà dé kọ́ríídọ̀, mo gbọ́ ohùn Màmá Dèbórà, ó lọ sílẹ̀.

“Ẹ dìde, Ìyá. Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi. Ohun tó yẹ kí èmi ṣe ni ọmọ yín ṣe. Èmi ni mo kọ́kọ́ mọ̀, mo sì ní kó máa lọ ilé.”

Mo gbọ́ ìró aṣọ, bí ẹni tó dìde tó sì jókòó ti ẹlòmíràn. Mo gbé ife omi náà jáde lọ bá àwọn méjèèjì.